Ìṣẹ́jú Márùn-ún Abẹ́ Àtẹ̀gùn

3.

…ó sì fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú aago náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fẹ́ omi gbígbóná kí ọmọ ìkókó lè mu ún. Ọwọ́ yẹn! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti rí ọwọ́ láyé, mi ò tíì rí irú èyí. Wọ́n sọ fún mi pé tó bá ti mọ̀ pé olólùfẹ́ ló ni aago, á sún un síwájú ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí onítọ̀hún má baà pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró dè é.

*(Láti orí búlọ́ọ̀gì Àdàbà Ojú Fèrèsé. Àwọn tó kà á lọ́jọ́ kìíní: mọ́kànlá. Èmi nìkan jẹ́ mẹ́rin nínú wọn.)*


4.

Òótọ́ tó wà nínú ohun tí ẹ kà tán yìí:

— Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé tí ọ́fíìsì wa wà.
— Ọwọ́ rẹ̀.

Irọ́ tó wà nínú rẹ̀:

— "Wọ́n sọ fún mi." Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi.
— Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni, níbi tí mo ti ń jẹun ọ̀sán.


5.

Èmi ni Àdàbà. Ẹ má sọ fún ìyá mi.


6. *Ohùn tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ọ̀sẹ̀ kejì*

"Ṣé o ti ka ti ọmọ kan tó ń pe ara ẹ̀ ní Àdàbà? Aládùúgbò wa ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ, àfi bí ẹni tó ti lọ ilé ọkọ mẹ́ta. Kí ìyá tó bí i yáa tètè máa ṣọ́ ọ. Ìwọ wá ńkọ́? O kàn jókòó sí ọ́fíìsì, ò ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ka tiẹ̀, kójú ẹ lè là díẹ̀."


7.

Iṣẹ́ mi nìyẹn lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, òkè kejì. Ìròyìn kankan ò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ẹni náà ni mí. Olóòtú fẹ́ràn kó máa sọ pé àwọn oníbúlọ́ọ̀gì ní ẹnu, àwa ní ìfọwọ́sí.


8. *Ìwé pélébé láti ọ̀dọ̀ Olóòtú, lórí tábìlì mi, ọ̀sẹ̀ kẹta*

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló ti ka ọ̀rọ̀ aláago abẹ́ àtẹ̀gùn WA. Ojoojúmọ́ là ń fo orí ọkùnrin yìí kọjá, búlọ́ọ̀gì ló wá bá wa rí i. Ìtìjú ni. Yẹ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn wò dáadáa. Ojú ìwé àkọ́kọ́, lọ́la.


9.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mo lọ sórí búlọ́ọ̀gì Àdàbà. Ó wà níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i.


10.

ALÁAGO TÓ Ń FI ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN TA OLÓLÙFẸ́ LỌ́RẸ
Àṣà àtayébáyé ni, àwọn àgbà jẹ́rìí

(Àgbà wo? Mi ò mọ̀. Olóòtú ló fi ìyẹn sí i.)


11. *Pátákó ìpolówó, ara ògiri tó kọjú sí wa*

LỌ́FÍŃDÀ ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN.
ÒÓRÙN RẸ Á ṢÁÁJÚ RẸ DÉ.


12. *Pátákó kejì, ó bo ìdajì ti àkọ́kọ́*

Olùdíje sípò káńsílọ̀, tòun ti aago tó tóbi bí abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀:

MO TI FI ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN WÀ NÍWÁJÚ YÍN!

(Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró dè é níbi ìpàdé ìpolongo rẹ̀.)


13. *Àtẹ̀jíṣẹ́ sí Àdàbà, láti ọ̀dọ̀ Alukoro Olùdíje*

Àdàbà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìlà kan péré la fẹ́ kí ẹ bá wa fi sí i: pé aláago yẹn, ti ọ̀gá wa ló ń ṣe. Tí ẹ bá rí omijé díẹ̀ fi há a láàárín, kò ní bí wa nínú.

Mi ò dáhùn. Wọn ò sì dúró de èsì.


14. *Ohun tí mo rí láti orí àtẹ̀gùn kẹrin, Ọjọ́rú*

Ìlà èèyàn dé ìta gbangba. Aláago bi obìnrin kan pé kí ló ṣe aago rẹ̀. Obìnrin náà ní kò sóhun tó ṣe é. Ó bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Kò sóhun tó ṣe tìyẹn náà. Ẹnì kẹta ò ní aago rárá, ọwọ́ aláago ló wá yà ní fọ́tò. Àwọn èèyàn Olùdíje gbé àwòrán ọ̀gá wọn kọ́ sókè orí rẹ̀. Ó yọ ọ́. Wọ́n tún un kọ́. Baba arúgbó kan tí aago tirẹ̀ kú lóòótọ́ dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú aláago sin baba náà dé ẹnu ọ̀nà.

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo kà dàgbà, ibi báyìí ni ọmọbìnrin máa ń sáré sọ̀kalẹ̀.

Mo sáré. Mo sáré gòkè.


15. *Ìwé tó lẹ̀ mọ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀, Ọjọ́bọ̀*

ÌKÉDE
Èmi kì í sún aago síwájú. Mi ò ṣe é rí.
Ẹni tí aago rẹ̀ kú nìkan ni kó wá.
Bí ìlà yìí ò bá tú títí ọjọ́ Ẹtì, mò ń kó kúrò níbí.

Aago obìnrin kan, ojú rẹ̀ aláwọ̀ ewé, okùn awọ: ó ti dára láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹni tó ni ín wá gbà á.


16.

Èmi ni mo ni ín.


17. *Búlọ́ọ̀gì Àdàbà, Ọjọ́bọ̀, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́*

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. Kò sí ìṣẹ́jú márùn-ún kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, ẹnu mi wá gùn. Ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Èsì àwọn òǹkàwé:

» Olùdíje ti rà ọ́.
» Irọ́ o, àwọn alátakò Olùdíje ló rà á.
» Ìwé ìròyìn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fọwọ́ sí i. Ìwọ ta ni?
» Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ọkọ mi fi bá mi nílé. Má bà á jẹ́ fún wa.
» Ọmọ yìí, ẹnì kan ti bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Lọ jẹun. *(Ìyá mi nìyẹn.)*


18. *Ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀, kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo kọ ọ́. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ìbúra ni.*

ÈMI: Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá.

ALÁAGO: Káàárọ̀. Kí ló ṣe é?

ÈMI: Mo wá gba aago mi ni. Aláwọ̀ ewé.

ALÁAGO: Hẹn-ẹn. O ti rántí wa.

ÈMI: Bọ̀dá, èmi ni mo kọ ọ́. Ti ìṣẹ́jú márùn-ún.

ALÁAGO: *(ó ń wá nǹkan nínú dúrọ́ọ̀)* Mo mọ̀.

ÈMI: Ẹ mọ̀?

ALÁAGO: O kọ bí mo ṣe ń fẹ́ eruku. Èèyàn kan ṣoṣo ló máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn kẹrin nígbà tí mo bá ń fẹ́ eruku. Tó bá sì ti di aago méjì báyìí, ó ti sá gòkè.

ÈMI: Aago méjì ni ìsinmi ọ̀sán wa máa ń parí.

ALÁAGO: Mo rí i bẹ́ẹ̀.

ÈMI: Ẹ má bínú.

ALÁAGO: Mo bínú. *(Ó fi aago náà lé mi lọ́wọ́.)* Àti pé kí n sún un síwájú? Ìwọ tó mọ ìfẹ́ tó báyìí. Ta ló gbọ́n tó máa sún un síwájú?

ÈMI: Ẹ ṣì ń kó lọ?

ALÁAGO: Òní ni mo dá. Òní ò tíì parí. Tí kò bá rìn dáadáa, gbé e padà wá.


19.

Mo fi wé ti fóònù mi. Mo fi wé ti ara ògiri. Mo fi wé ti Olóòtú.

Ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún wà lẹ́yìn.


20. *Ohun tó lè fà á*

— Bátìrì.
— Ariwo èèyàn ò jẹ́ kó ráyè tún un ṣe dáadáa.
— 


21.

Olóòtú bi mí bóyá Àdàbà ti gbé nǹkan tuntun jáde. Ó ní tó bá ti jáde, kí n tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò sí.

*Búlọ́ọ̀gì Àdàbà. Àkọlé:*

*[Kò tíì jáde.]*


22.

Fóònù mi: aago méjì.

Aago ọwọ́ mi: aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ṣì wà lórí àtẹ̀gùn kẹrin. Ìlà èèyàn bo aláago mọ́lẹ̀, mi ò rí ju orí rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ìró dúrọ́ọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣí i ni tàbí ó ń tì í.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.