Aṣọ Tí Mo So Mọ́ Dùùrù

Ẹni tó bá rò pé etí nìkan ti tó èèyàn láti fi tẹ dùùrù, kó wá bi mí. Aránṣọ ni mí, láti kékeré ni mo sì ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ nǹkan kan nínú ìwé orin. Kí wọ́n ṣáà kọ orin lẹ́ẹ̀kan kí n gbọ́, ó parí. Elétí ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì máa ń wú.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ jáàsì tó ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ń wá ẹni tí yóò jókòó sídìí dùùrù, mo ní tèmi dé. Bàbá tó wà níbẹ̀ ti dàgbà, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti ń le, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá arọ́pò. Ọ̀gá ẹgbẹ́ gbé ìwé orin kan síwájú mi. Mo rí ìlà márùn-ún, mo rí àwọn àmì dúdú róbótó lórí wọn bí ìgbà tí bọ́tìnnì bá dà sílẹ̀. Mo wò ó títí, mo ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ kí n gbọ́.

"Àǹtí, orin tuntun là ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ló wí. "Ta ni yóò máa kọ ọ́ fún yín? Ẹni tí ò bá lè kàwé orin ò lè jókòó síbí."

Kò bú mi, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju èébú lọ. Mo fẹ́ àga yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo lọ bẹ bàbá náà pé kó kọ́ mi, ọ̀gá ẹgbẹ́ sì gbà láti tún mi dán wò kí bàbá tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Bàbá Rọra ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pe bàbá yìí, torí pé "rọra" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ dójú tì mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Irin kan wà lábẹ́ dùùrù ńlá tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá fẹ́ kí ohùn fà. Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ dàgbà, bí mo ti jókòó báyìí, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wa irin náà lọ sókè-sódò, gbogbo ohùn dà rú.

"Rọra," Bàbá wí. "Ṣòkòtò ta lò ń rán?"

Ó ní kí n tẹ gìgísẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí n jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì nìkan máa wa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kó máa ka ìlù fún mi. Ó fi hàn mí bí àwọn ìlà tó dúró gbọọrọ ṣe ń pín orin sí yàrá yàrá, àti bí ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe ń jókòó pọ̀ di kọ́ọ̀dù. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sókè ìlà ló ń sọ kọ́ọ̀dù tí ọwọ́ òsì yóò mú. Bó bá ti tẹ orin kan fún mi lẹ́ẹ̀kan, èmi náà á tẹjú mọ́ ìwé, màá tẹ̀ ẹ́ láìṣì. Mo rò pé mo ti ń kàwé nìyẹn.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ orin kan, ó ní ó kàn mí. Mo tẹjú mọ́ ìwé, mo tẹ̀ ẹ́ dé òpin, mo sì ń retí kó yìn mí. Ó fi ìka sórí ìwé náà.

"Ìwé ní kí ohùn gòkè níbí. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ mú un lọ sílẹ̀. Ìwọ náà mú un lọ sílẹ̀. Kí lò ń kà, ìwé ni àbí èmi?"

Ojú tì mí. Inú tún bí mi, torí pé òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò fi ìka kan dùùrù níṣojú mi mọ́. Ìwé orin tí n kò gbọ́ rí ló ń kó fún mi, bí mo bá sì ti tẹ ọ̀kan débi tí etí mi ti fẹ́ mọ̀ ọ́n, á gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo gbé dùùrù kékeré kan sáàárín ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tá a jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà, wo eyín dùùrù náà, funfun àti dúdú, ó ní, "Abẹ́rẹ́ ò gún ẹ tó, o tún lọ wá ohun tó léyín." Kí oníbàárà tó dé láàárọ̀, mo ti wà nídìí rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ débi pé oníbàárà kan béèrè bóyá ara dùùrù náà ò yá ni.

Ojú mi wá ní ìwà tirẹ̀. Ó ń sá kúrò lórí ìwé lọ wo ọwọ́, kó sì tó padà, mo ti sọ ibi tí mo dé nù. Ọ̀rọ̀ yìí sú mi. Mo gé aṣọ dúdú kan, mo rán okùn sí i, mo so ó mọ́ ọrùn, mo sì há etí rẹ̀ kejì sábẹ́ ìwé orin lórí dùùrù, kí ọwọ́ mi lè wà lábẹ́ rẹ̀ pátápátá.

"Ta ló fẹ́ fá orí fún ẹ?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ṣe mí bíi kí n la dùùrù yẹn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún máa ń so aṣọ mi ni. Mo bi Bàbá lẹ́ẹ̀kan pé, "Ìgbà wo ni màá tó tẹ tèmi, èyí tí kò sí nínú ìwé, Bàbá? Ṣebí ohun tí jáàsì wà fún nìyẹn."

"Rọra. Ìgbà tí etí rẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ojú."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀sán ni, wọ́n ti dorí àwọn àga gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì náà kodò sórí tábìlì. Bàbá jókòó sẹ́yìn mi lórí pèpéle. Mo so aṣọ mi mọ́ ọrùn. Afunfèrè wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé ìwé síwájú mi, mo wo orí rẹ̀, ọkàn mi sì fò fáyọ̀: orin tí mo ti ń tẹ̀ níbi ìgbéyàwó láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni. Etí mi ní ká máa lọ.

A bẹ̀rẹ̀. A ò tíì lọ jìnnà tí mo rí kọ́ọ̀dù kan níwájú tí kò sí nínú orin tí mo mọ̀. Ọ̀gá ti yí i padà. Etí mi ní irọ́ ni, pé ibi tí orin náà ń gbà láti ọjọ́ yìí ni ká gbà. Ojú mi ní ibi tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo tẹ ohun tí ojú rí, lójú kan náà ni fèrè bọ́ sórí rẹ̀, tí àwa méjèèjì sì bára mu. Ọ̀gá gbójú sókè, ó wò mí.

Mo ṣí ìwé sójú kejì. Àwọn yàrá ibẹ̀ ṣófo. Lẹ́tà kọ́ọ̀dù nìkan ló wà lókè, kò sí àmì kan lórí ìlà. Fèrè dákẹ́. Èmi ni wọ́n ń dúró dè kí n tẹ tèmi, ọwọ́ ọ̀tún mi sì kú sábẹ́ aṣọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gba àṣẹ, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí kò ti sí àṣẹ mọ́. Mo ń fi ọwọ́ òsì mú kọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ òsì mi ń ka ìlù, àwọn yàrá òfìfo sì ń kọjá lọ.

Ọwọ́ kan kàn mí lẹ́yìn ọrùn. Bàbá ló dìde wá. Ó tú okùn, ó fa aṣọ náà kúrò, ọwọ́ mi méjèèjì sì hàn síta.

"Ó yá," ló wí sí mi létí. "Má rọra mọ́."

Mo tẹ tèmi. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo tẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí àwọn yàrá òfìfo tán, ojú mi ti padà sórí ìwé, mo sì bá fèrè wọlé níbi tó yẹ ká jọ wọlé.

Ọ̀gá kò yìn mí. Ó kó ìwé yẹn kúrò, ó sì gbé orin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ síwájú mi. Bàbá ti ká aṣọ mi sábẹ́ abíyá. Mo na ọwọ́ kó fún mi, kò fún mi. Ó lọ sí gbọ̀ngàn, ó gbé àga kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí tábìlì, ó sì jókòó síbi tí àwọn olùgbọ́ máa ń jókòó sí.