Lẹ́ǹsì Ọ̀gá Lẹ́nu Kámẹ́rà Mi

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò máa ń pè mí ní Wàràwàrà. Wọn ò purọ́ mọ́ mi. Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò kí ẹni tó wá ya fọ́tò tó fẹ̀yìn ti àga. Títí dòní tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, sùúrù ṣì jẹ́ ohun tí mo máa ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n wá kó àwọn lẹ́ǹsì àwọn, pé àwọn ò ní yàwòrán mọ́.

"Ọwọ́ ti ń gbọ̀n, ojú ti di bàìbàì. Kí ni wọ́n tún ń ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi? Wá kó wọn."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, bí ẹni tó ní kí n wá palẹ̀ pàǹtí mọ́, ló bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Ọ̀gá fi ya ọmọ ìkókó, ìyàwó tuntun, àti gbogbo ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Mi ò lè jẹ́ kó parí báyẹn. Mo lọ ra àdápítọ̀, ìyẹn òrùka irin tó máa ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì àtijọ́ lè dúró lẹ́nu kámẹ́rà tuntun. Mo ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, èyí tí mo fi ń lo lẹ́ǹsì gígùn kan tí mo fi máa ń ya eré bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹnu lẹ́ǹsì Ọ̀gá yàtọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé ilé wọn. Ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"O ti rù," Màmá ní kí n tó kí wọn tán.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wá kẹ́yìn, mà."

"Mo ṣì ń sọ ọ́."

Ọ̀gá ti to lẹ́ǹsì mẹ́rin sórí tábìlì, wọ́n sì ti nu gbogbo wọn. Mo mú èyí tó kéré jù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta, mo fi òrùka náà sí i, mo yí i mọ́ ẹnu kámẹ́rà mi, mo sì gbé e lé Ọ̀gá lọ́wọ́.

"Wàràwàrà, ṣé kámẹ́rà àná yìí á mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yí gbogbo nǹkan bíi ti àtijọ́. Àmọ́ ẹ wo gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá ti mọ́ kedere, etí ibẹ̀ á pọ́n."

Ọ̀gá yí lẹ́ǹsì náà díẹ̀díẹ̀. Pupa náà bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Màmá, ó gun èjìká, ó dé ojú.

"Háà! Mo rí i! Mo rí ìpéǹpéjú ẹ!"

"Ṣé ẹ ò rí i látọjọ́ yìí ni?" Màmá dáhùn.

Fọ́tò mẹ́fà ni Ọ̀gá yà, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu wọn. Mo wá fẹ àwọn fọ́tò náà tóbi. Ojú Màmá dà bí ohun tí wọ́n fi rọ́bà pa tí kò pa rẹ́ tán. Ọ̀gá tún ya mẹ́rin sí i. Bákan náà ni.

Ọ̀gá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"O rí i bí? Ọwọ́ mi ni. Ó ti tán nìyẹn."

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Màmá dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ sunkún," Màmá ní.

Mo bú ara mi. Kí ló gbé mi débẹ̀? Kí n ṣáà lè rí nǹkan ṣe, mo gbé kámẹ́rà, mo ya ìdì òwú tó wà lórí tábìlì. Òun náà rí bàìbàì. Ọwọ́ tèmi ò sì gbọ̀n. 

Lẹ́ǹsì àtijọ́ kì í bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì náà sínú kámẹ́rà, kí kámẹ́rà lè mọ bó ṣe máa mú àwòrán dúró tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Mo wò ó. Igba ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà lẹ́ǹsì bọ́ọ̀lù mi. Mi ò yí i. Kámẹ́rà ti ń ṣe àṣejù fún lẹ́ǹsì kékeré náà, òun gan-an ló ń gbọn àwòrán. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́, ọwọ́ Ọ̀gá ni a dá lẹ́bi.

Mo yí i sí àádọ́ta kíá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kàn ní kí Ọ̀gá tún gbìyànjú, kí n sì panu mọ́. Ta ló máa mọ̀? Àfi bí mo ṣe rántí ọjọ́ kan nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà láti wò ó bóyá fíìmù ti tán. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, gbogbo fọ́tò ẹbí kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá bàjẹ́. Ọ̀gá sọ fún wọn pé, "Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ẹbí náà fi ọ̀rọ̀ gún Ọ̀gá lára níṣojú mi, èmi sì dúró bí òpó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́ṣà ni mí látọjọ́ náà.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá.

"Ọ̀gá, ọwọ́ yín kọ́. Èmi ni. Nọ́ńbà lẹ́ǹsì mìíràn ni mo fi sínú kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo tún kan ilẹ̀kùn.

"Fíìmù tí mo bà jẹ́ níjọ́sí náà, ẹ ṣé, sà. Ọdún méjìdínlógún rèé, mi ò tíì dúpẹ́."

Ilẹ̀kùn ṣí.

"Fíìmù wo?"

"Má dá wọn lóhùn," Màmá ní láti ẹ̀yìn mi. "Wọ́n rántí. Wọn ò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Mo gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́, omi sì ti kún ojú mi, nítorí ọpẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ẹnu mi lè sọ lọ. Màmá pa dà sídìí bọ́tìnnì. Ọ̀gá yí lẹ́ǹsì láìkánjú, ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo fẹ̀ ẹ́ tóbi. Ojú Màmá mọ́ kedere, èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ọwọ́ mi kọ́, àbí?"

"Ọwọ́ yín kọ́, sà."

Kí n tó kúrò nílé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọ̀gá tún bi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo dáhùn pé ọwọ́ wọn kọ́, mi ò sì kánjú.