Orúkọ Ẹ̀yìn Páànù

Mo jókòó lé páànù náà. Aránṣọ dúró níwájú mi, ó ní kí n dìde. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní ẹsẹ̀ wo, ṣebí òun rí mi láàárọ̀ tí mò ń sáré ká pápá bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo ní ẹsẹ̀ òsì ni.

Ó ní ó lè jẹ́ páànù òun ni mo jókòó lé. Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mi ò dìde.

Ìjì ọ̀sán àná ló fa gbogbo rẹ̀. Kò jà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ó wó ọgbà ilé méjì, ó dá igi mẹ́rin, ó gbé àga ike ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lọ sórí ẹ̀ka kan tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó. Èèyàn kankan ò kú. Adìẹ pàápàá ò kú. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta ṣí lórí ní òpópónà wa: ti aránṣọ, ti awakọ̀ akẹ́rù, àti ti Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi. Ìjì kó páànù wọn pọ̀, ó lọ dà wọ́n sínú pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Èmi ni mo kan òrùlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ìgbà kan náà ni wọ́n kọ́lé, irú páànù kan náà ni wọ́n rà. Gígùn rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, kò sì yàtọ̀ púpọ̀: ìbú ọwọ́ kan, ìbú ọwọ́ méjì. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, pàápàá lẹ́yìn tí ìjì ti ká wọn bí ìwé. Ẹni tó bá sì gbé ti ẹlòmíràn, ilé rẹ̀ yóò jò. Nígbà yẹn, inú ọgbà mi ni mo ti gé wọn. Kí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ má baà gbé wọn ṣìlé, mo fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ onílé sẹ́yìn páànù kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ wọn gan-an ni ì bá dára kí n kọ. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà náà. Orúkọ tí àwa oníṣẹ́ fi ń pè wọ́n lẹ́yìn ni mo kọ. Mo ní ẹ̀yìn páànù ni, àjà á bò ó, ta ni yóò rí i?

Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wà ní pápá. Èyí tó bá dojú ọ̀dà sókè, mo dà á dé. Mo da mọ́kàndínlógójì dé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ogójì, ẹ̀yìn mi dún. Ibẹ̀ ni aránṣọ bá mi. Mo yáa jókòó lé e.

Ìyàwó mi gbé omi wá fún mi. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí mi.

“Bàbá, wọn ò ní gbé páànù sókè kí wọ́n tó kàn án ni?”

Mi ò tíì ro ibẹ̀.

Ìbínú awakọ̀ àti ti aránṣọ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Wọn yóò pariwo, wọn yóò sì gbàgbé. Tíṣà ni. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá lójoojúmọ́ tí aago mẹ́rin bá lù. A ó ta dáráfù títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ́ ṣú. Kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀ pọ̀ láyé. Ẹni tí èèyàn lè bá dákẹ́ ni ò pọ̀. Mi ò ní òmíràn.

Ojú ọ̀run tún ti ń ṣú. Aṣọ àwọn oníbàárà aránṣọ kún yàrá mi, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ aṣọ ìyàwó. Ìwé Tíṣà kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó mi ní bí òjò bá tún bá wọn nílé wa, àfi kí òun wọ ọ̀kan nínú aṣọ ìyàwó náà kí òun lọ wá ilé ọkọ míì.

Awakọ̀ dé. Ọkùnrin gbàǹgbà ni. Ó kí wa, ó fi ọwọ́ kan gbé páànù kan bí ẹni gbé àwo. Ó yí i padà. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè.

“Wọ̀bìà.”

Ó yí òmíràn padà. Aláròyé. Ó yí ẹ̀kẹta padà. Ahun.

Ó bi mí pé kí ni gbogbo èyí. Mo ní orúkọ onílé ni. Kò sí irọ́ kan tó wá sí mi lọ́kàn.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ti Wọ̀bìà ò le, pé kí awakọ̀ máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Awakọ̀ ní òun náà ti rí ẹni tó ni Aláròyé, nítorí pé láti àná tí ìjì ti dáwọ́ dúró, ẹnu rẹ̀ ò tíì dáwọ́ dúró. Aránṣọ ní òun kọ́ ni ẹni tó ń jẹun nílé olókùú kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Awakọ̀ ní ẹ wá gbọ́ àròyé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Wọn ò bi mí, wọ́n sì pín in bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́.

Tíṣà ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó wọ gíláàsì rẹ̀ tí ojú kan ti sán. Ó ka ti àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó pẹ́ lórí ìkẹta.

“Ta wá ni Ahun?”

Aránṣọ ń wo igi. Awakọ̀ rí nǹkan kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí i.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi tún fi ọdún méjì lé e. Mo dìde kúrò lórí páànù.

“Ìwọ ni,” mo ní.

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì lọ. Ọkùnrin tí ò ní òrùlé ni, ilé náà ló sì gbà lọ.

Ìyàwó mi ní kí n tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní kí ni kí n sọ tí mo bá débẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná.

Mo bá a ní pálọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tútù, ó dé fìlà, ìwọ̀nba oòrùn tí ìkùukùu ò tíì bò sì ń ta sí i lórí. Omi ti wọ inú aago ara ògiri, ó kún dé ìdajì. Ọwọ́ aago ṣì ń lọ nínú omi náà. Mo dúró. Kò ní kí n jókòó. Kò sí ibi gbígbẹ náà tí mo lè jókòó sí.

Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n yé bẹ̀bẹ̀, kí n sọ ohun tó fà á.

“O máa ń ka ìṣó mọ́ wa lọ́wọ́,” mo ní. “Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá wọ́, o máa ń ṣà á nílẹ̀, o máa ń nà án tọ́.”

“Mò ń kà wọ́n torí pé wọ́n ń dín.”

Mo gbójú sí aago inú omi náà.

“Ẹ̀kúnwọ́ kan nírọ̀lẹ́,” ó ní. “Àpò ọ̀tún.”

Láàárín àwa káfíńtà ìgbà náà, ìṣó àpò la máa ń pè é. Tí iṣẹ́ bá parí lójúmọ́, èèyàn á da ẹ̀kúnwọ́ kan sápò kó tó lọlé. Ọ̀gá mi ṣe é. Ọ̀gá tiẹ̀ náà ṣe é. Kò sí ẹni tó pè é ní olè jíjà, nítorí pé kò sí ẹni tó bi wá. Ìṣó onílé á wá kéré. Níbi tó yẹ kí a kan márùn-ún, a ó kan mẹ́ta. Ọdún kejì, mo kan òrùlé tèmi. Mo kan márùn-ún níbi gbogbo. Lánàá, kò mì. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọgbà gíga tó yí ilé mi ká ló gbà á lọ́wọ́ ìjì.

Mo bi í bóyá láti ìgbà náà ló ti mọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀.

“Mò ń retí kó o sọ.”

“Fún ọdún méjìlélógún?”

“Tíṣà ni mí. Mo ti dúró ti àwọn tó yigbì jù ọ́ lọ.”

Ó dìde. Ó fún omi kúrò ní ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

“Ahun tó o pè mí, mo ti gbọ́,” ó ní. “Àwọn méjì tó kù, lọ sọ tiwọn fún wọn. Kí òjò tó dé. Tó o bá sọ ọ́, màá mọ̀ pé o sọ ọ́. Tí o ò bá sọ ọ́, má dúró dè mí ní aago mẹ́rin mọ́.”

Mo lọ.

Mo kọ́kọ́ yà sílé. Garawa kan wà lábẹ́ bẹ́ńṣì mi, ìṣó àpò ogójì ọdún ló kún inú rẹ̀. Mo gbé e dé pápá, mo gbé e kalẹ̀ láàárín wọn, mo sọ ibi tó ti wá. Mo sọ ti mẹ́ta, mo sọ ti márùn-ún. Kò gùn. Ọ̀rọ̀ tó le kì í gùn.

Awakọ̀ wo garawa, ó wò mí. Ó ní òun náà ti mọ̀ tipẹ́.

“Ṣé ẹ rò pé ebi ló ń gbé mi wá sídìí oúnjẹ yín lójoojúmọ́ ni, Bàbá? Bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ìṣó mi, èmi náà ń jẹ oúnjẹ yín. A ò jẹra wa ní nǹkan kan.”

Aránṣọ ní tiẹ̀ kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àròyé lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, ó bọ́ sórí ìṣó, ó bọ́ sórí ọ̀gá mi tí kò mọ̀ rí, ó padà sórí ìṣó. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń gbé páànù. Mi ò dá a dúró. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Tíṣà ti wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń gbọ́. Awakọ̀ ní ó ku orúkọ kan, pé kí la máa kọ sẹ́yìn páànù ti Bàbá Káfíńtà. Aránṣọ ti ń la ẹnu.

“Níbo lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí?” Tíṣà ní. “Ilé tiẹ̀ ò ṣí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

A ṣiṣẹ́. Orúkọ ẹ̀yìn páànù ni a fi ń pín in. Awakọ̀ a pariwo pé Aláròyé kan rèé, aránṣọ a dáhùn pé kí Wọ̀bìà gbé e wá. Nígbà tó fi máa di aago méjì, wọ́n ti ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ náà sọ ní kékeré. Awakọ̀ ló gun òkè ilé tiẹ̀ àti ti aránṣọ. Èmi ń tọ́ka láti ìsàlẹ̀.

Ó wá ku ti Tíṣà. Igi òrùlé rẹ̀ tín-ínrín, kò lè gba ara awakọ̀. Mo gbé òòlù mi.

Ìyàwó mi ní ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mo ní mo mọ̀. Ó ní tí mo bá já bọ́, kí n má wá sọ pé kí òun gbé mi wọlé, aṣọ ìyàwó ò jẹ́ kí ààyè wà. Mo ní mo ti gbọ́.

Mo dé ìdí àkàbà, mo wẹ̀yìn. Mi ò mọ ẹni tí n ó ní kó dì í mú. Tíṣà rìn wá. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìdí àkàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Mo gùn ún. Kò mì.

“Márùn-ún,” ó ní láti ìsàlẹ̀.

“Márùn-ún,” mo ní.

Mo kàn án bẹ́ẹ̀ dé òpin. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. A wọ inú pálọ̀, àwa méjèèjì, a dúró, nítorí pé àga kò tíì gbẹ. A gbójú sókè, a ń gbọ́ òjò lórí páànù. Kò jò níbi tí a dúró sí. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Mẹ́ta nínú páànù rẹ̀ ni a ò rí títí di òní. Tapólì ló wà lórí ilé ìdáná rẹ̀.