Dígí Ara Ògiri Ilé Ìgbẹ̀bí

Ẹ dẹtí sílẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní ẹ̀rín lẹ́nu kó rín in tán ná, torí ìtàn tí mo gbé wá yìí, ìbínú ló bí i, ìbínú náà ló tọ́ ọ dàgbà.

Bàbá kan wà ní ìlú kékeré kan. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, iṣẹ́ ilẹ̀ àti àpáta ló ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará àdúgbò ní kó wá ṣe káńsẹ́lọ̀. Ó gbà. Ó rò pé ẹni tí apá rẹ̀ ká àpáta, apá rẹ̀ á ká ènìyàn. Irọ́ ńlá! Àpáta gbọ́ràn ju alága lọ.

Ògiri ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí ìlú ló dá ìjà sílẹ̀. Ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abẹ́ ògiri yìí ni àwọn abiyamọ ń sùn sí, abẹ́ rẹ̀ náà ni ọmọbìnrin Bàbá, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá gé dígí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé e dábùú ojú ibi tó là, ó fi sìmẹ́ńtì mú orí rẹ̀ méjèèjì.

Ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé, "Dígí kì í tẹ̀, fífọ́ ló mọ̀. Bí ògiri bá sún díẹ̀ báyìí, á fọ́. Ọjọ́ tó bá fọ́, ẹ kó àwọn abiyamọ kúrò níbẹ̀."

Gbogbo wọn gbá tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá gbà, a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì, gbàà! Láti ọjọ́ náà ni Alága ti ń pè é ní Bàbá Onídígí.

Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ìlú. Alága ní kí wọ́n kun ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Orúnkún Bàbá sì ń dùn ún lásìkò yẹn, kò lè jáde. Ọmọ rẹ̀ náà ò ráyè dé ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó délé, ó ní:

"Bàbá, ilẹ̀kùn yàrá ti ń há. Èjìká ni mo fi ń tì í."

"Ògiri ti sún. Dígí ti fọ́ nìyẹn," ni Bàbá wí. Ó mú ọ̀pá, ó tiro lọ kó gbogbo ìgbìmọ̀ wá sẹ́yìn ilé.

Dígí ń dán yinrinyinrin lára ògiri. Kò sán rárá.

Alága pàtẹ́wọ́. "Bàbá Onídígí! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé dígí ló ń purọ́ ni, àbí ẹ̀yin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dikùn mú. Igbákejì alága ní, "Ogbó ti dé, sà. Ẹ lọ sinmi."

Ojú ti Bàbá. Ó sún mọ́ ògiri, ó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì náà ò tíì gbẹ.

"Ta ló fọwọ́ kan dígí mi?"

Akunlé sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. "Èmi ni, Bàbá. Mo bá a tó fọ́, mo rò pé àkàbà mi ló gbá a, mo bá fi òmíràn síbẹ̀. Ìyẹn náà fọ́. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Òun náà fọ́! Mo ní dígí ayé òde òní ò dáa. Àmọ́ eléyìí nípọn, mo fara balẹ̀ wá a fún yín ni."

Bàbá kọjú sí Alága, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ṣé o gbọ́? Ìgbà mẹ́ta! Kó wọn jáde lónìí!"

"Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Tó bá ti lọ, a ó wò ó."

Wọ́n padà sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Alága ní kí ọ̀rọ̀ dúró di ẹ̀yìn àlejò, ó gbá tábìlì. Igbákejì gbá a. Àwọn yòókù gbá a. Bàbá nìkan ló káwọ́ sáyà.

"Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà," ló wí bó ṣe ń dìde. "Kí sùúrù máa bá tiẹ̀ lọ. Èmi ò ní í lónìí."

Nígbà tí wọ́n túká, Bàbá ò lọ sílé. Òun, ọmọ rẹ̀ àti Akunlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹ́ẹ̀dì. Akunlé ń gbé e, ó ń sunkún: "Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Pa ẹnu dé, gbé bẹ́ẹ̀dì!" ni Bàbá wí.

Ní òwúrọ̀, Alága ṣáájú àlejò wọ gbọ̀ngàn, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Abiyamọ ló kún ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Lórí tábìlì ìgbìmọ̀, àwọn ìkókó sùn lọ bẹẹrẹ, wọ́n fi aṣọ wé wọn.

"Kí lèyí?" ni Alága pariwo.

"Rọra, má jí wọn." Bàbá jókòó sí àyè rẹ̀. "Mo ní àbá kan. Ká dá àwọn ọmọ yìí padà sábẹ́ ògiri tó fẹ́ wó. Ẹni tó bá gbà, kó gbá tábìlì."

Alága gbọ́wọ́ sókè. Ó wo àwọn ọmọ, ó wo àlejò.

"Gbá a," ni Bàbá wí láàárín eyín. "Gbá a kí n rí ọ."

Alága fi ọwọ́ náà họ orí.

Akunlé gan-an ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tó wá kun fèrèsé mi. Ó ní látìgbà náà, bí òun bá rí ohun tó fọ́, òun á kọ́kọ́ béèrè ohun tó fọ́ ọ. Bó ṣe bù ú fún mi ni mo ṣe bù ú fún yín.