Àmì Pupa Lẹ́nu Wáyà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ti Bàbá Onígíláàsì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí oníṣẹ́ iná ti bá a so tẹlifíṣọ̀n ńlá mọ́ ẹ̀rọ sinimá inú pálọ̀ rẹ̀ ni ara ti ń fu ú. Ọkùnrin náà ń súfèé ṣiṣẹ́. Olóòótọ́ wo ló ń súfèé nídìí ẹrù ẹlẹ́rù? Kí ó má baà fi ògbólógbòó wáyà pààrọ̀ tuntun, Bàbá yọ́ kẹ́lẹ́ mú kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀, ó fi kán àmì pupa sí ẹnu wáyà tó ń wọ inú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i.

Kò pé oṣù kan, ohùn ń jáde, àwòrán ò sí. Oníṣẹ́ iná tún un ṣe. Ó tún bàjẹ́.

"Ṣé o rí i?" Bàbá sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Òun ló ń bà á jẹ́, kí n lè máa pè é."

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, Bàbá dúró tì í bí ọlọ́pàá.

"Bàbá, ihò wáyà yìí ti fẹ̀. Ẹnì kan ń yọ ọ́, ó sì ń tì í padà léraléra."

"Ta ni ìbá yọ ọ́ bí kò ṣe ìwọ?"

Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Bàbá wọn, ta wá ni mo ń rí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n láràárọ̀, tó ń yọ wáyà wò bóyá àmì pupa ṣì wà níbẹ̀?"

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.