Omi Adìẹ

"Ẹ dé ìgò yẹn padà."

Ọkọ rẹ̀ ti ṣí i, ó sì ti gbé e sún mọ́ ẹnu ọmọ wọn, ọmọbìnrin kékeré tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ọsibítù, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tí ètè rẹ̀ sì gbẹ. Ìgbẹ́ gbuuru kò jẹ́ kó sinmi.

"Ṣebí òun náà ló máa ń mu nílé?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mo ní ẹ dé e."

Ó dé e, ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí tìbínú-tìbínú. Omi adìẹ ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin náà ń sin adìẹ, ó sì máa ń da oògùn apakòkòrò àrùn lẹ́búlẹ́bú sínú dúrọ́ọ̀mù omi wọn, yálà wọ́n ń ṣàìsàn tàbí wọn kò ṣàìsàn, kí wọ́n lè tètè sanra. Nígbà tí inú ń run òun fúnra rẹ̀, ó bu ife kan nínú omi náà mu, inú náà sì rọlẹ̀. Láti ìgbà náà, kí inú ẹnikẹ́ni ṣáà ti kùn, ife kan. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ń gbé ìgò wá, ó ń bu fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, orí rẹ̀ sì ń wú. Ìyàwó rẹ̀ bá a jà sí i títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ń ta á lára báyìí.

Dókítà wọlé. "Èsì àyẹ̀wò ìgbẹ́ rẹ̀ ti dé," ló wí. "Oògùn tí a ń fún un kò ran àwọn kòkòrò tó wà nínú ìfun rẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Oògùn wo lẹ ti ń fún un nílé?"

"Kò sí o," ni bàbá ọmọ dáhùn kíákíá. "Àwa kì í lo oògùn. Ara wa le."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Ọmọ náà la ojú.

"Bàbá, inú ń run mí. Ẹ fún mi lómi adìẹ."

"Omi adìẹ?" ni dókítà béèrè.

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́lẹ̀. Obìnrin náà ki ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó yọ ìgò náà, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, kò sọ̀rọ̀ sí i bí ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, àfi lónìí.

"Sọ fún un. Ẹnu tó o fi ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò náà ni kó o fi sọ ọ́."

Ó sọ ọ́, ó ń kálòlò. Nígbà tó dárúkọ oògùn náà, dókítà mí kanlẹ̀.

"Ẹbí kan náà ni òun àti èyí tí a ń fún un. Ife kan lónìí, ife kan nígbà mìíràn, ìyẹn ò lè pa àwọn kòkòrò náà tán. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù ló ń pọ̀ sí i, oògùn ò sì ní ràn wọ́n mọ́. Òmíràn wà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ṣì lè ràn wọ́n. Mo ń lọ mú un wá. Àwọn wo ló tún ń mu omi yìí?"

"Gbogbo wa," ni ìyá ọmọ wí. "Àtàwọn ará àdúgbò."

Bí dókítà ṣe jáde, ọkọ rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "O ò bá ti bò mí láṣìírí."

"Kí n bo àṣírí ẹ, kí n wá sin ọmọ mi?"

"Ire ni mo ń ṣe fún wọn."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Dìde. Gbogbo ilé tó o bu omi yẹn fún, lọ síbẹ̀, kó o sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún mọ́."

"Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Kí wọ́n fi ẹ́ ṣe é."

Ó dìde. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn fi yọjú, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgò òfìfo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Mo kan ilẹ̀kùn yín títí, wọ́n ní ibí lẹ wà. Ọmọ mi ló ń yàgbẹ́ láti àárọ̀. Mo ní kí n wá béèrè bóyá mo lè bu díẹ̀ nínú omi yẹn."

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nu ojú ọmọ rẹ̀, kò gbé orí sókè.

"Ẹ jókòó, ìyá," ni ọkùnrin náà wí. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ fún yín."