Ìyá Mansur Ò Dijú

"Ẹ má yọ ọ́, Bàbá Mansur. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀."

Àkànó ò wẹ̀yìn. Ó ti gun àga, ó ń fi ẹnu ọ̀bẹ tú àpótí wáìfáì kúrò lára ògiri.

"Sàfíátù, gbọ́ mi. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń pè wá síṣẹ́ lọ́sẹ̀ báyìí ní Àpápá. Kọ̀ǹténà tí mo fẹ́ kà gan-an ò sí. Níbo la ti fẹ́ máa rówó wáìfáì san lóṣooṣù? Dátà orí fóònù ti tó wa. Ṣé kì í ṣe òun ni gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń lò ni?"

"Mansur ńkọ́?"

"Mansur náà á máa rí ẹ lórí dátà. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ohun tó le níbẹ̀ kò kéré. Adití ni Mansur, àkọ́bí wọn. Kò dé ilé ìwé adití rí, torí kò sówó nígbà náà. Ọwọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ ń sọ, àwọn méjèèjì ló jókòó dá a sílẹ̀ fúnra wọn nínú yàrá kan náà yìí, kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ tán. Ìyá ò mọ̀wé, ọmọ ò mọ̀wé. Ta ni kó wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ta? Ta ni kó pe ta tí yóò gbọ́? Láti ọdún mẹ́ta tí Mansur ti ń bá Ọ̀gá Benson ránṣọ n'Ìbàdàn, orí fídíò nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Ní ìrọ̀lẹ́, tí Sàfíátù bá ti dé láti Àpápá, níbi tó ti máa ń lẹ tapólì ìborí ẹrù tó bá ya fáwọn onítírélà, yóò gbé fóònù ti agolo mílíìkì, òun àtọmọ á sì máa fọwọ́ tàkúrọ̀sọ. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bú Ọ̀gá Benson.

Àkànó yọ àpótí náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n bọ́ sórí dátà.

Ẹ sì mọ dátà Ajégúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe ń lọ ló ń dúró. Ọwọ́ Mansur á gbéra sókè, á gan síbẹ̀, ìgbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fara dà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Mansur pè. Ojú rẹ̀ ń dán, àyà rẹ̀ sì ń já, ìyá rẹ̀ rí i. Ó fọwọ́ ṣe bó ṣe máa ń pe Zulfah, ọmọbìnrin adití tí wọ́n jọ ń ránṣọ. Ó fọwọ́ ya ikùn ńlá síwájú ara rẹ̀. Ó nàka sí àyà ara rẹ̀: èmi ni. Wọn ò tíì ṣe nìkáà o, ó sì mọ̀ pé ìyá òun kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Ó wá bi í: ṣé inú yín dùn?

Inú kí ni kò ní dùn! Sàfíátù fò sókè. Ó ké, ó jó, ìró tú nídìí rẹ̀, kò wò ó.

Ejiro, ará yàrá kejì, yọjú. "Mama Mansur, wetin happen?"

"Mo ti dìyá àgbà o, Ejiro! Ọmọ mi fẹ́ bímọ!"

Nígbà tó fi máa padà sídìí fóònù, àwòrán Mansur ti gan. Kò pẹ́, ìpè náà já. Ó pè é padà, kò gbé e. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, ó pè é lọ́jọ́ kẹta, kò gbé e.

Ọjọ́ kẹrin ni Lubabah, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gbé fóònù wá bá a. "Màámi, Bọ̀dá Mansur fi fọ́tò kan ránṣẹ́."

"Fọ́tò kí ni?"

"Fọ́tò yín ni, mà."

Ojú Sàfíátù ló wà níbẹ̀, bó ṣe hàn lórí fóònù Mansur lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ojú méjèèjì pa dé, ẹnu pa dé. Ibi tó ti ń ṣẹ́jú lásán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gan, ibẹ̀ náà ló sì gan sí títí ìpè fi já. Ọmọ náà bi í pé ṣé inú yín dùn, ohun tó rí nìyẹn.

Àwa tá a létí ò lè mọ bó ti burú tó. Ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, tó o bá dijú sí i, o ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Láàárín ìyá àtọmọ yìí, kò sí èébú tó jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Sàfíátù ṣe é láyé, lọ́jọ́ tí Mansur ní òun ń lọ Ìbàdàn. Ọmọ náà dì mọ́ ọn lórúnkún, ó sunkún títí ìyá fi lajú.

"Yéè! Mo gbé!" Sàfíátù ká ọwọ́ lérí. "Mo mà ń jó ni! Lubabah, mo ń jó ni!"

Ó ní kí Lubabah bá òun pe Ọ̀gá Benson.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Màámi, mo ti sọ ọ́ títí. Ìwọ̀nba ọwọ́ tí mo gbọ́ náà ni mo fi ṣàlàyé. Ó ní kí n má tan òun, ojú ìyá òun lòun rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbàdúrà. Ọmọ yẹn ò jẹun dáadáa mọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni Àkànó dúró sí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo ní kí n dín ìnáwó kù ni," ló wí. 

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gorí fóònù, Sàfíátù tún pè. Mansur gbé e. Àwòrán náà mọ́ kedere. Ọmọ náà ti rù. Sàfíátù ò kí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀: mo jó, mo ké, inú mi dùn, ọmọ mi, inú mi dùn.

Mansur wò ó fúngbà díẹ̀. Ó wá dijú.

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Omi ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n. Ọwọ́ Sàfíátù ò dúró, ó ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ, fún ẹni tí kò wò ó.

"Mansur! Mansur!" Ó ti gbàgbé ara rẹ̀, ó ń fẹnu pe ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́.

Mansur ò lajú. Ṣùgbọ́n kò pa fóònù.

Sàfíátù dìde, ó na ọwọ́ mú ìbòrí rẹ̀.

"Ibo lò ń lọ?" ni Àkànó bi í.

"Ìbàdàn."

"Owó ọkọ̀..." Àkànó gbé ìyókù mì. "Tó bá wá kọ̀, tí kò ṣílẹ̀kùn ńkọ́?"

"Kí n kanlẹ̀kùn fún un, ṣé ó máa gbọ́ ni? Ẹnu ọ̀nà ni màá jókòó sí. Ó ṣáà máa jáde." Ó gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ gbà, ẹ bá mi mú un dání. Ẹ má pa á. Tó bá lajú, ẹ jẹ́ kó bá ojú ẹnì kan níbẹ̀."

"Dátà máa tán o," Lubabah sọ látorí ẹní.

"Ra òmíràn," ni bàbá rẹ̀ wí.

Sàfíátù jáde. Àkànó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé fóònù náà sí ọ̀gangan ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, omi kún un. Kò ṣẹ́jú.